Kẹ̀kẹ́ Agbẹ̀bí Tí Onífíríìjì Fi Bátìrì Sí

Bí ẹ bá gbé fíríìjì lọ sọ́dọ̀ ọkọ agbẹ̀bí yìí, tí ẹ padà lọ bèèrè rẹ̀, "ó kù díẹ̀" ni yóò dá yín lóhùn. Bí ẹ bá tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ṣì kù díẹ̀ náà ni. Àwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ọn lára, Ókùdíẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Báwo ni yóò ṣe rẹ́rìn-ín, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń bá gbogbo ohun tó kù díẹ̀ gbélé: ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó rọ̀ sórí ẹyọ ìdè kan, fáànù tó ń yí sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n ti sọ di ibi ìkó-àlùbọ́sà-sí.

Lọ́tẹ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ obìnrin náà ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán o. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè ni, ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú, ó tún ní òmíràn láàárín, tó fi jẹ́ pé bó bá já sí kòtò, ìdí ẹni tó gùn ún kò ní mọ̀ rárá. Òun ni agbẹ̀bí fi ń gòkè lọ wo àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀ nítorí ọ̀nà há. Àwọn ará òkè sì ti fi irin dí ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn alùpùpù, wọ́n ní ariwo wọn kì í jẹ́ kí ọmọ sùn. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun kẹ̀kẹ́. Agbẹ̀bí gun kẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́, títí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi wú tí kò ká mọ́. Dókítà tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní kò gbọdọ̀ fi agbára tẹ pẹ́dà gun òkè mọ́.

Ọ̀gá wọn nílé ìwòsàn, obìnrin kan tí kì í pariwo ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pè é jókòó. Ó ní òun á dúró di ọjọ́ Ajé. Bí agbẹ̀bí kò bá lè gòkè lọ́jọ́ náà, òun á fa òkè lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí agbẹ̀bí wá máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa pe àwọn aláìsàn wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dun agbẹ̀bí wọra. Òun ló gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń sáré kiri lókè yẹn. Ó mọ ìyá tó máa ń dá sunkún lẹ́yìn ìbímọ, ó mọ èyí tí omi ọmú rẹ̀ kì í tètè wá, ó mọ èyí tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibì kan ń dun òun àfi bí agbẹ̀bí bá jókòó tì í. Bí wọ́n bá gba òkè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tó fi ń jẹ́ agbẹ̀bí?

Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ti ń sọ kẹ̀kẹ́ di oníná káàkiri, bátìrì ni wọ́n ń fi sí i, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan láàárín táyà ẹ̀yìn. Èèyàn á kàn máa tẹ pẹ́dà jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ á máa ṣe ìyókù. Ó ní kó má wulẹ̀ gbé e lọ fún ẹnì kankan, kó fi í sílẹ̀ fún òun. Agbẹ̀bí mọ ohun tí "fi í sílẹ̀ fún mi" ń dà nínú ilé yẹn. Àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, ó sì ti na ọwọ́ mú sípánà kí agbẹ̀bí tó dá a lóhùn.

Ẹ wá wo ìran. Ó fi okùn gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ òrùlé ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn òkú fíríìjì, ó wọn ibí, ó wọn ọ̀hún, ó de bátìrì mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Agbẹ̀bí gùn ún, ṣọ́ọ̀kì ààrin rọlẹ̀ bó ṣe yẹ kó rọlẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha àpótí bátìrì kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Agbẹ̀bí ní ṣé òun kò ti sọ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jókòó lé e kó tó wọ̀n ọ́n? Ókùdíẹ̀ ní láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, òun kò gun fíríìjì rí kóun tó tún un ṣe. Ẹ gbọ́ ìdáhùn.

Ó bá gbé bátìrì wá sí àárín irin kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ kẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti gba gbogbo àyè! Ó fún un mọ́ ọn bí ẹni fún ẹrù mọ́ bàtà nínú àpò ìrìn-àjò. Nígbà tí agbẹ̀bí gùn ún, tí ṣọ́ọ̀kì rọlẹ̀, ó gé wáyà kan jẹ fẹ́ú. Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ ni ọjọ́ Ajé ń sún mọ́lé, agbẹ̀bí sì ń tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún, ó ń gbọ́ "ó kù díẹ̀" láti ẹ̀yìn ilé. Ó sú u. Ó sú u débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fi irin kan irin, orí rẹ̀ á máa fọ́.

Níkẹyìn, ọkùnrin yìí jó irin pọ̀, ó ṣe àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ irin òkè, níwájú ṣọ́ọ̀kì. Ó kó bátìrì sí i pẹ̀lú ẹ̀yà kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, èyí tí ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì tó sì ń pín in fún ẹ̀rọ inú táyà. Kọntiróólà ni àwọn oníná ń pè é. Ó wá gé fóòmù ara fíríìjì, ó fi tẹ́ inú àpótí náà yíká, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ká má purọ́, ó dára lójú. Agbẹ̀bí pàápàá yìn ín.

Ó gbé e jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kẹ̀kẹ́ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kọrí sí òkè, ó gùn ún, orúnkún kò ké. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó ti ń ro ohun tó máa sọ fún ọ̀gá. Ó dé ìdajì òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi funfun kan, kẹ̀kẹ́ kú. Kò tàn, kò yí, ó kàn wúwo bí òkúta. Agbẹ̀bí tì í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó fi délé, kẹ̀kẹ́ ti jí, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ókùdíẹ̀ ní bátìrì ni. Ó lọ yá òmíràn wá. Kẹ̀kẹ́ kú níbì kan náà. Ó ní wáyà ni. Ó pa wáyà dà, ó tún kú. Ó wá ronú títí, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, oòrùn ọ̀sán ló ń wọ inú àpótí lọ bá a, ooru kì í sì í bá iná rẹ́. Ó bá fi fóòmù mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀, ó ki í lókè, ó ki í nísàlẹ̀. Kàkà kó sàn, kẹ̀kẹ́ kò tiẹ̀ dé ilé olódi funfun mọ́ kó tó dákú.

Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Agbẹ̀bí ń ti irin àti bátìrì bọ̀ wálé, orúnkún ti wú padà, àwọn aládùúgbò jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń bi í léèrè bóyá kẹ̀kẹ́ ń rọbí ni kí wọ́n bá a wá omi gbígbóná. Ó ti kẹ̀kẹ́ wọ inú ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e ti ògiri, ó sì pòṣé tó fi jẹ́ pé ọkùnrin náà sọ sípánà sílẹ̀. Inú ń bí i gidi. Ó ní lọ́la ni wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó ní ì bá sàn kóun ra kẹ̀kẹ́ oníná tuntun ju kóun fẹ́ onífíríìjì lọ. Ókùdíẹ̀ tún ti ń wo kiní náà, ó ní bóyá kóun fi fóòmù díẹ̀ kún un.

Agbẹ̀bí kò mọ ìgbà tí òun fi ọwọ́ lé àpótí náà. Ó ti ìka bọ àárín fóòmù lọ sísàlẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ yọ. Ó jó o. Ó dúró, ó wo ìka rẹ̀. Ohun tó rí lójoojúmọ́ lókè nìyí: ìyá á fi aṣọ wé ọmọ jòjòló, á tún fi ìbora lé e, á dé e ní fìlà nínú ọ̀sán gangan, á wá máa ké pé ara ọmọ òun gbóná, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ kò sì ṣàìsàn. Ẹ tú u sílẹ̀, kó mí, òògùn rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé fóòmù ló ń pa kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé obìnrin yìí fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni, pé fóòmù ló ń dènà ooru nínú gbogbo fíríìjì tó wà láyé.

"Òtútù lẹ ń tọ́jú sínú fíríìjì," agbẹ̀bí wí. "Èyí ń dáná fúnra ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń gòkè. Níbo lẹ fẹ́ kí ooru yẹn gbà jáde? Ẹ ò rí i pé bó bá tutù tán ló ń jí?"

Ẹni tó ti ń ṣe fíríìjì láti kékeré kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé mìíràn. Agbẹ̀bí na ọ̀bẹ sí i pé kó tú fóòmù kúrò. Kò gbà á. Ó ní kò burú, òun á tú díẹ̀. Agbẹ̀bí ní gbogbo ẹ̀. Ó ní kò lè jẹ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ohùn agbẹ̀bí ń lọ sókè, títí ọkùnrin náà fi jókòó lórí àpótí onígi kan, tó ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n ní bátìrì irú ẹ̀ gbiná mọ́ ọkùnrin kan lára," ó wí. "Ó ń gùn ún lọ́wọ́ ni o. Àárín itan ẹ nibi tí mo gbé e sí. Ẹ̀rù ń bà mí."

Agbẹ̀bí wò ó. Ó ní torí ẹ̀rù yẹn ló ṣe ń fi fóòmù kún fóòmù láti àárọ̀? Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, kí nǹkan kan lè wà láàárín ìyàwó òun àti iná.

"Ṣé fóòmù kì í jó ni?"

Ó ń jó. Ó mọ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó mọ̀, kò kàn fẹ́ rò ó débẹ̀ ni. Gbogbo ìbínú agbẹ̀bí dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ bá wí níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba ọkọ òun, òun ló wá ń ti kẹ̀kẹ́ kiri lórí orúnkún kan. Ó ní ì bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, àwọn ì bá jọ bẹ̀rù ẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ókùdíẹ̀ tú fóòmù náà kúrò fúnra rẹ̀, ó dá ihò sí ara àpótí níwájú àti lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, agbẹ̀bí gun kẹ̀kẹ́ jáde. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò juwọ́. Kẹ̀kẹ́ ń gòkè, ó kọjá ibi tó ti kú lánàá, ó kọjá ilé olódi funfun, agbẹ̀bí ń fi ọwọ́ kan àpótí nígbà gbogbo, kò ju kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Ó dé òkè. Ó pe ọ̀gá lórí fóònù, ó ní òun ti débẹ̀. Ọ̀gá ní ó dáa, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri ilé àkọ́kọ́, ó wọlé, ó wẹ ọmọ, ó wo ibi ìdodo, ó jókòó ti ìyá ọmọ títí ìyẹn fi sọ ibi tó ń dùn ún.

Nígbà tó jáde, Ókùdíẹ̀ ló bá lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin oníkùn ńlá tí kò fẹsẹ̀ gun òkè yẹn rí. Ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Búkẹ́ẹ̀tì kan wà níwájú rẹ̀, yanrìn kún un dẹ́nu.

"Kí lẹ fẹ́ fi yanrìn ṣe?"

"Wọ́n ní omi kì í pa iná bátìrì," ó wí, nígbà tó rí èémí mí. "Yanrìn ló ń pa á."

Agbẹ̀bí wo òkè tí ó gùn wá, ó wo búkẹ́ẹ̀tì, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ tí irin búkẹ́ẹ̀tì ti ha di pupa. Ó fẹ́ bínú, omijé ló jáde.

"Ilé tó kù kò sún mọ́ra o," ó wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Ókùdíẹ̀ dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀, ó sì gbé búkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kó máa lọ níwájú, ṣùgbọ́n kó má sáré jù.