Ọjọ́ Tí Wọ́n Tú Alùpùpù Ara Wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín kú àárọ̀, mo kí yín kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò dé ọwọ́ yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa ní ọwọ́ láti fi ṣiṣẹ́, tó sì fún wa ní ahọ́n láti fi sọ òtítọ́. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá ń yọ yín lẹ́nu lónìí, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dópin.

Ọwọ́ òsì Bàbá Oníbúrẹ́dì ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà òjò, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Orí alùpùpù ló ti ń gbé búrẹ́dì láti ilé ìdáná lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ òsì yìí gan-an ni a sì fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí jíà tó lè wọlé. Nígbà tí ìka rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti tẹ irin náà, ó gbé alùpùpù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó tú ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó sì yọ méjì nínú sípíríǹgì mẹ́rin tó ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì le. Láti ìgbà náà ni irin ọ̀hún ti rọ̀ bí òwú. Alùpùpù kò fi bẹ́ẹ̀ lè gun òkè mọ́, ó sì ń rùn bí nǹkan tó ń jóná, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Bí ìyàwó rẹ̀ bá mọ̀, kò ní jẹ́ kó jáde. Bí ẹni tó ni búrẹ́dì bá gbọ́, ẹlòmíràn ni yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹni tó ti ń gun alùpùpù láti ìgbà àpọ́n rẹ̀, kí ni yóò máa jókòó ṣe nílé?

Ìdí nìyí tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀ ní Sátidé tí àwọn alálùpùpù àdúgbò péjọ sí àgbàlá Káfíńtà.

Káfíńtà ló dá àbá ìpàdé náà. Ó ní bí ènìyàn bá gbé máṣíìnì lọ fún mẹkáníìkì ìkòríta nítorí púlọ́ọ̀gì, ọ̀rọ̀ ṣéènì ni yóò bá bọ̀, nítorí ọwọ́ mẹkáníìkì náà kò mọ́. Kí wọ́n kó irinṣẹ́ jọ, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Bàbá Oníbúrẹ́dì gbà, nítorí ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun yóò nu ṣéènì òun, òun yóò pa epo dà, òun yóò sì lọ. Àfi ìgbà tí Káfíńtà gun orí àpótí, tó ṣí fìlà orí rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tirẹ̀ lónìí. Ẹni tí ara ẹ̀ ń rùn kì í gbọ́ òórùn ara ẹ̀. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ yín sínú fìlà yìí, ká wá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwò ó. Máṣíìnì tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ máa tún ṣe."

"Tèmi kò ṣàìsàn," ni Bàbá Oníbúrẹ́dì wí.

"Bàbá, ẹni tí ara ẹ̀ le náà ń lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ jù ú síbẹ̀."

Ó jù ú síbẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí, obìnrin tó ń gun alùpùpù kiri láti gba ẹ̀bí, ló mú kọ́kọ́rọ́ Bàbá. Bàbá fúnra rẹ̀ mú ti Káfíńtà.

Ó lóṣòó ti ṣéènì Káfíńtà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó dìde lọ mu omi. Ó padà wá, ó mú sípánà, ó gbé e kalẹ̀, ó tún lọ síbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń pín tíì fún àwọn ènìyàn. Kò gba tíì. Ó padà.

"Bàbá, ṣé èèrà wọ ṣòkòtò yín ni?" ni Káfíńtà bi í.

Ìyá Agbẹ̀bí gun alùpùpù Bàbá yí àgbàlá ká, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń fimú gbóòórùn. "Nǹkan ń jóná nínú eléyìí. Ẹ bá mi gbé abọ́ tí epo máa dà sí. Mo fẹ́ tú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀."

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà," ni Bàbá wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń rùn bẹ́ẹ̀. Òórùn tirẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ tó ń sunkún láti àárọ̀, a kì í sọ pé ẹkún tirẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

Ó tú u. Ó tẹ orí ba, ó wò ó títí. "Ààyè mẹ́rin, sípíríǹgì méjì," ló wí.

Gbogbo wọn pagbo yí i ká. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n kò wí?" ni Káfíńtà sọ. "Bàbá, ta ló fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yìí kẹ́yìn? Mẹkáníìkì ìkòríta ni àbí òun kọ́?"

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Òun ló bá mi pa epo dà ṣáájú òjò," ló fèsì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ irọ́ ló lọ jẹ́.

"Ó parí. A máa kó irinṣẹ́ ẹ̀ síta lónìí. Kò ní sí ní ìkòríta yẹn mọ́." Káfíńtà pe Télọ̀, alálùpùpù tó mú kọ́kọ́rọ́ Ìyá Agbẹ̀bí, mọ́ra, àwọn méjèèjì sì jáde lọ mú un wá.

Ìgbà náà gan-an ni àgbàlá há mọ́ Bàbá. Ó lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó yọjú, ó padà.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí.

"Mo jókòó." Orí ìdúró ló wà.

Obìnrin náà ń nu epo kúrò ní ìka rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́. "Olè kì í ní sùúrù. Ẹni tó yọ sípíríǹgì wọ̀nyí yọ àwọn tó kọjú síra, kí ìyókù lè fà dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ràn máṣíìnì yìí ló ṣe é." Kò wo ojú Bàbá. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n mú mẹkáníìkì dé. Káfíńtà di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ọṣẹ ṣì wà ní apá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bá àwọn tó mú un jà. Bàbá ló ń wò.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí jù. Ṣé mo mú nǹkan yín rí?"

Bàbá mọ̀ pé bí òun bá wí pé òun kò mọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tí yóò tún bi òun ní ìbéèrè. Ní ọjọ́ Ajé, òun yóò gbé búrẹ́dì. Ó gbàdúrà kúkúrú nínú ọkàn rẹ̀, àdúrà tí kò ní ju "Olúwa" lọ.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo yọ sípíríǹgì náà."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹ má bá olè bò ó."

Bàbá na ọwọ́ òsì, ó fi di ọwọ́ Káfíńtà mú. Káfíńtà dúró, ó ń retí.

"Ẹ dì í mú ṣinṣin nígbà náà."

"Mo ń dì í mú. Gbogbo agbára mi nìyẹn."

Káfíńtà wo ọwọ́ náà. Bí ọwọ́ ọmọ tó ti sùn lọ ló rí nínú tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì kúrò lára ẹ̀wù mẹkáníìkì láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ìyàwó Bàbá gbé ìkòkò tíì kalẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò."

"Mo sì ń gun ẹ̀yìn yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Ó rìn dé iwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀."

Bàbá tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti Káfíńtà.

"Àbúrò, má bínú," ni Káfíńtà sọ fún mẹkáníìkì.

"Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná." Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wo inú ẹ́ńjìnnì. "Bàbá, níbo ni sípíríǹgì yẹn wà?"

"Nílé, nínú agolo."

"Ẹ rán ènìyàn lọ mú un wá. Máṣíìnì yìí kò ní jáde báyìí. Ẹ ò bá pa èèyàn." Kò pè é ní ọ̀rẹ́, kò sì pè é ní ọ̀tá.

Télọ̀ ti parí alùpùpù Ìyá Agbẹ̀bí. Obìnrin náà gùn ún, ó sì tẹ ọwọ́ mọ́ àga ẹ̀yìn. "Bàbá, ó yá. Dókítà ni à ń lọ bá. Ọwọ́ tó ń kú ju ọ̀rọ̀ sípíríǹgì lọ."

"Ta ni yóò gbé búrẹ́dì lọ́jọ́ Ajé?"

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló dì í lápá títí tó fi gun ẹ̀yìn. Bàbá kò gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìkòríta, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, alùpùpù sì ń sáré lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àṣírí yín di ẹrù aláìṣẹ̀. Kí ó fún yín ní ẹni tí yóò bá yín wo ibi tí ojú yín kò tó. Àti ọ̀nà tí ẹ kò ní lè wa ara yín já, kí ó rán ẹni rere tí yóò gbé yín sẹ́yìn. Àmín.