Káàdì Tó Ń Ṣẹ́ Kù

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún 1963 ni, ọdún tí wọ́n ka èèyàn. Wọ́n ní kí èmi àti Bọ́lárìnwá, tíṣà kan láti Iléṣà, ka àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Káàdì kan, ẹnì kan. Inú bí ìyá mi.

"Mùyídéènì, ta ló ń ka èèyàn bí ẹni ń ka iṣu? O fẹ́ fi wọ́n han ikú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìjọba mà ni.

Ilé tiwa la kà kẹ́yìn. Ràṣídátù ìyàwó mi wà nídìí ààrò, oyún oṣù mẹ́jọ nínú ẹ̀, òun la wá kọ gbẹ̀yìn pátápátá.

Wọ́n ní ká di àwọn káàdì náà ká tó kó wọn lọ sí ọ́fíìsì, kí gbogbo ìdì sì dọ́gba. A kà á: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá lé mọ́kànlélógún, 2521. A dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ku ẹyọ kan. Mo yí i wò: Ràṣídátù. Mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ó ku kan. Ràṣídátù. Mẹ́jọ, méje, títí a fi sọ̀ kalẹ̀ dé méjì méjì. Òun náà ni, torí òun ló wà nísàlẹ̀.

Mo rántí ikú tí ìyá mi wí, mo ju káàdì náà sílẹ̀.

"Ọmọ Òṣogbo, bébà lò ń bẹ̀rù báyìí?" Bọ́lárìnwá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń pín in lójú pátákó. Mọ́kànlá, mẹ́tàlá, ó ń lọ. Nígbà tó dé mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó dúró. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

"Máa pín in lọ jàre!"

"Kò wúlò. Àádọ́ta lọ́nà àádọ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Bí nọ́ńbà ńlá kan bá máa wọ inú ẹ̀, kékeré kan ní láti bá a wọ inú ẹ̀, a sì ti wo gbogbo kékeré tán. Èyí ò ṣé e pín, Mùyí. Bó ti wù ká dì í, nǹkan á ṣẹ́ kù."

Ó jáde lọ mu omi. Mi ò lè fi ìyàwó mi sílẹ̀ lóun nìkan. Mo mú káàdì òfìfo, mo kọ "Ọmọ Ràṣídátù" sí i, mo tì í sábẹ́ ti ìyá ẹ̀. 2522! Mo pín in sí ìdì ńlá méjì, wọ́n dọ́gba rẹ́gí. Mo mí kanlẹ̀.

Mo rò pé inú ìyá mi á dùn. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán, ńṣe ló ká ọwọ́ lérí. "O ka ẹni tí ò tíì dé? Háà!"

Láàárọ̀ Àtàlátà kan báyìí, Ràṣídátù rọbí. Orí kó òun yọ. Ọmọ ò ké. A sin ín kí wọ́n tó kírun alásárì.

Bọ́lárìnwá wá kí mi lọ́jọ́ kẹta.

"Ọ́fíìsì rí káàdì kan tí kò lórúkọ gidi. Wọ́n ti yọ ọ́. 2521 ni wọ́n kọ."

"Ìgbà wo ni wọ́n yọ ọ́?"

"Láàárọ̀ Túsìdeè, Àtàlátà yẹn gan-an."

Mo ní, "Ta ló wá ṣẹ́ kù báyìí?"

Bọ́lárìnwá wolẹ̀. Nínú yàrá, Ràṣídátù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.