Ẹ̀bẹ̀ Tí A Ò Rán Wọn Lọ Bẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Tóyìn àti Kọ́ládé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bí mo bá dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú lè bí mi débi pé èmi fúnra mi á gbàgbé.

Ilé wọn ní Hyattsville, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mò ń gbé, nínú bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé. Nọ́ọ̀sì ni Tóyìn, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe ní ọsibítù. Bó bá dé láàárọ̀, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Kọ́ládé ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ìjọba. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ànúolúwapọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ànú.

Àtikékeré ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ti ń pe Ànú ní Dókítà. Mo ti rí ọmọ púpọ̀ níbí tí àwọn òbí wọn ń rọ iṣẹ́ dókítà sí wọn lọ́fun bíi àgbo, tí ọmọ ń pọ̀ ọ́ dànù. Ànú ò sí lára wọn. Òun gan-an ló fẹ́ ẹ. Ní gbogbo Sátidé ló máa ń lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà nítòsí wa, á máa fún wọn lóúnjẹ, á máa fi sùúrù gbọ́ ìtàn kan náà tí wọ́n ti sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í la ẹnu jẹun fún ẹlòmíràn àfi òun.

Ètò kan wà nílẹ̀ yìí tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti ń parí háísíkúùlù, wọ́n á gbà á sí yunifásítì, wọ́n á sì gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìjàkadì tó ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wá a pọ̀ bí eṣú, àyè tó wà ò sì kún ọwọ́. Ànú kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án. Láti oṣù Kejìlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Òyìnbó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èèyàn: wọ́n á yìn ọ́, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á ṣàdúrà fún ọjọ́ iwájú ẹ, wọ́n á wá tilẹ̀kùn mọ́ ẹ lójú. Nígbà tí oṣù Kejì fi máa parí, ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù.

Ìyẹn ló pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Igbe tí Ànú ké lọ́jọ́ náà, Tóyìn tó ń sùn lọ́wọ́ sáré jáde, ó rò pé ilé ń jó ni. Ìgbà tó gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èmi náà jó. Kọ́ládé gba fóònù, ó ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá rí orúkọ àwọn méjì tó máa fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò. Òyìnbó lẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kejì ni Dókítà Mọ̀nsúrát Àkànbí.

"Àkànbí! Wọ́n mà ń bẹ l'Ọ́yọ̀ọ́!" Kọ́ládé fò sókè. Ọmọ Ọ̀yọ́ lòun náà. "Ọlọ́run ò sùn o!"

"Daddy, you don't even know her," Ànú ń rẹ́rìn-ín.

"Màá mọ̀ ọ́n."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Tóyìn àti Kọ́ládé ò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí ẹnì kan ní Bowie, ìlú tí kò jìnnà sí wa. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà, Tóyìn ń kọ orin ìyìn lábẹ́nu. Ànú wà ní yàrá rẹ̀ lókè, ó ń dá ìbéèrè àti ìdáhùn ṣe níwájú dígí. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọ ilé ìdáná, ó sì rọ ohùn sílẹ̀.

"A ti rí Dókítà Mọ̀nsúrát."

Mo ní, "Ẹ lọ sílé ẹ̀?"

Ó rò ó fún mi bí ẹni ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́ládé ló gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Wọ́n ra ẹja àrọ̀ gbígbẹ, ẹ̀kún páálí kan, àti oyin gidi, torí wọn ò lè lọ kí èèyàn ńlá lọ́wọ́ òfo. Bí obìnrin náà ṣe ṣílẹ̀kùn tó rí aṣọ òkè lára wọn, ó rò pé àlejò ọkọ òun ni, ó ní kí wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Kọ́ládé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, fún obìnrin tí kò tíì pé márùndínláàádọ́ta!

"Ọmọ yín ni Ànú. Ẹ bá wa dá sí i. Ẹ ṣáà bá wa sọ gbólóhùn kan," ni Kọ́ládé wí.

Dókítà fò sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ má ṣe báyìí fún mi." Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Kò yẹ kẹ́ ẹ wá rárá. Mi ò lè ṣe interview ẹ̀ mọ́ báyìí. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ẹ wá. That's the rule, ẹ̀gbọ́n. Bí mi ò bá sọ ọ́, èmi náà ti wọ wàhálà nìyẹn."

Ó kọ ẹ̀bùn. Kọ́ládé gbé e sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní àgbà kì í gbé ẹ̀bùn padà sílé.

Mo ní, "Ó ní òun máa sọ fún wọn, ẹ̀yin ń kọrin?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni," Tóyìn dáhùn. "Ṣé o fẹ́ kó là á mọ́lẹ̀ pé òun ti gbà ni? Ẹni tó máa ṣeni lóore kì í pariwo. Wùnmí, ó sìn wá dé ìdí mọ́tò! Nínú òtútù yẹn! Ó ní Ọlọ́run á dá ọmọ náà lọ́lá. Ẹni tó bá fẹ́ pa wá lára, ṣé á máa ṣàdúrà fún wa?"

Obìnrin náà ní ẹ̀kọ́ ilé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá wo ló máa lé àgbàlagbà jáde bí ajá? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Tóyìn. Mo ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ó wò mí, ó ní mi ò tíì bímọ, mi ò lè mọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá mi. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ síni, kí lèèyàn tún fẹ́ sọ?

Lọ́sàn-án Wẹsidé, Ànú ti iléèwé dé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi láìbọ́ kóòtù.

"Aunty, did Mommy and Daddy go to somebody's house?"

Ó na fóònù sí mi. Lẹ́tà náà ò gùn. Wọ́n ní ẹbí rẹ̀ lọ sílé ọ̀kan nínú àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n gbé ẹ̀bùn dání, wọ́n tọrọ ojúrere. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fagi lé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, wọ́n ti pa ìwé rẹ̀ dé, wọn ò sì ní tún un ṣí. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn fẹ̀sùn kan Ànú fúnra rẹ̀. Èyí tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ta wá ni wọ́n pa ìwé rẹ̀ dé?

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sunkún. Ó kàn ń gbọ́ bó ṣe máa ń gbọ́ tàwọn arúgbó.

Nígbà tí Kọ́ládé tibi iṣẹ́ dé, a ti wà ní pálọ̀. Ó ka lẹ́tà náà, ó tún un kà, ó jókòó wọ̀ọ̀. "Ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tèmi! Ó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é!" Tóyìn káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Daddy, why did you go?"

Ìgbà yẹn ni Kọ́ládé sọ ohun tí èmi náà ò gbọ́ rí. Ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà n'Íbàdàn nígbà tóun wà léwe, òun sì gba máàkì tó tó. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ, òun ò rí tòun, òun rí ti ọmọ kan tó jókòó tì òun ní kíláàsì, tó máa ń wo iṣẹ́ òun kọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ yẹn mọ èèyàn níbẹ̀. "Èmi ò lẹ́nì kan. Bàbá mi jókòó sílé, ó ní Ọlọ́run mọ̀. Mo búra pé bí mo bá bímọ, kò ní ṣaláìní ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, bínú ṣe ń bí mi tó.

Ànú ní, "But they called me already. Àwọn ló pè mí. Daddy, ẹ ò rò pé mo lè wọlé."

Tóyìn ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, àdúrà ni gbogbo wa máa gbà, ẹni tó bá lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lásán ṣì lè wá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Bó ṣe dárúkọ ọdún mẹ́rin ni ojú Kọ́ládé là. Ó fa fóònù yọ lápò, ó ń wá orúkọ.

"Bọ̀dá Kọ́ládé, ta lẹ fẹ́ pè?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Springdale, àbúrò ìyàwó wọn ń kọ́ àwọn dókítà ní Baltimore. Ká ti tètè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ká má dúró dìgbà yẹn." Ó tẹ nọ́ńbà náà.

Ànú dìde lórí àga. Mo rò pé yàrá rẹ̀ ló ń lọ. Ó dé iwájú bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ pé kó máa kí àwọn àgbà. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bá wa sọ. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló fi bẹ̀ ẹ́.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni fún mi mọ́. Mo bẹ̀ yín."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Dìde." Ṣùgbọ́n fóònù náà ti ń dún ní ọ̀hún, ẹnì kan sì ti gbé e. A gbọ́ ohùn ọkùnrin náà: "Kọ́ládé! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!"

Kọ́ládé wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo fóònù. Ó gbé e sétí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa," ó ní, ó sì tẹrí ba fún ẹni tí kò rí i.