Ẹ̀yìn Itan Ọ̀tún

Kí Ẹlẹ́ran tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kọ́kọ́ yẹ àwọn tó wà níwájú mi wò. Gbogbo wa ti ká ṣòkòtò sókè dé itan, a fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìfọṣọ bí ẹran tí wọ́n so kọ́. Òun ni ọ̀gá àwa tá à ń fi kẹ̀kẹ́ kó aṣọ ibùsùn lọ sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti ta ẹran rí, ìyẹn la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ o. Lọ́dọọdún ló máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ wa wò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti rọ̀, kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú yàrá tí ilé iṣẹ́ fún un.

Èmi, ìyá mi, àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń gbé yàrá kan níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni èmi àti àbúrò mi ń gùn. Ìyá ò lè dìde mọ́ láìdi nǹkan mú. Ẹ̀rù yàrá yẹn ló ń bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù Ẹlẹ́ran. Rárá, irọ́ ni. Ẹ̀rù méjèèjì ni.

Ó dúró níwájú ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́.

"Ìwọ. Kí ló ń wa kẹ̀kẹ́?"

"Ẹsẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Orí ẹ! Ibo lára ẹsẹ̀?" Ó gbá a nídìí. "Ibí ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí pẹ́dà bá wà lókè." Ó fi ìkúùkù lu iwájú itan rẹ̀. "Ibí ló ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Òun ló ń ṣiṣẹ́ jù." Ó wá fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi ń fò lẹ́sẹ̀ kan. "Èyí ló ń parí ẹ̀ nísàlẹ̀. Ikùn àti ìbàdí kàn ń di ara mú ni, kó o má baà máa mì bí ọ̀mùtí."

"Ẹ̀yìn itan ńkọ́, ọ̀gá?" Àbúrò mi ló béèrè.

"Ẹ̀yìn itan ò níṣẹ́ púpọ̀, àfi tí ẹsẹ̀ bá wà ní dídè mọ́ pẹ́dà. Ìgbà yẹn ló máa ń fà á sókè."

Mo wo àbúrò mi. Kò wò mí.

Ṣé ẹ rí i, láti ìgbà tí géètì òtẹ́ẹ̀lì kan ti gbá mi lórúnkún òsì, iwájú itan yẹn ń rù ṣáá. Mo wá dọ́gbọ́n. Mo fi bẹ́líìtì àtijọ́ de ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ pẹ́dà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tán, màá tún fi ẹsẹ̀ kan náà fà á sókè. Òsì kàn ń bá a yí ni, bí ọkọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó ń tẹ̀ lé ìyàwó ẹ̀ kiri. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá nìkan ló ń bá mi fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti fi aṣọ gbígbóná di itan òsì, kó lè wú díẹ̀.

Ẹlẹ́ran dé ọ̀dọ̀ mi. Mo di èémí mú, mo mú ẹsẹ̀ le gan-an. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan òsì. Ó fà mí kúrò lára ògiri, ó bọ́ sẹ́yìn mi, ọwọ́ ẹ̀ sì lọ tààrà sí ẹ̀yìn itan ọ̀tún.

"Háà! Ẹ wá wo ẹran! Ó le bí òkúta. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjì wa kẹ̀kẹ́ kì í ní irú èyí."

"Bí Ọlọ́run ṣe dá mi ni, ọ̀gá."

"Ṣé ìlàjì ẹ ni Ọlọ́run dá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ kan wà ní àárín ọgbà, orí irin ni wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn ẹ̀ kọ́, wọ́n sì fún bíréèkì ẹ̀ kó lè wúwo. Ó ní kí n gùn ún. Ó wá yíjú sí àbúrò mi.

"Bá mi di ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n ẹ mú. Kó má kan pẹ́dà."

Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ mi mọ́ àyà. "Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá mi," ló sọ, jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ ò jẹ́jẹ́.

"Ó yá, òsì, sọ̀rọ̀!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dà sún díẹ̀, ó dúró. Mo fi gbogbo ara lé e. Itan mi ń gbọ̀n.

"Ẹsẹ̀ àdìẹ!" Ẹnì kan ló pariwo ẹ̀.

"Má bú àdìẹ o!" Ẹlẹ́ran dá a lóhùn. "Àdìẹ máa ń sáré."

Ọkùnrin tuntun yẹn ló rẹ́rìn-ín jù, ó ṣì ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ojúgun tiẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí mo bá bá wọn rẹ́rìn-ín, bóyá wọ́n á fi mí sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n máa ká aṣọ."

"Orí ìdúró ni wọ́n ti ń ká aṣọ látàárọ̀ dalẹ́. Èwo lo máa fi dúró nínú wọn?" Ó nu ọwọ́ ẹ̀ sára ṣòkòtò mi. "Kó ẹrù ẹ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó kọjá sí ẹni tó kàn.

Mo tọ ògiri wálé. Etí ibùsùn ni mo bá Ìyá.

"Ìyá, ọmọ yín ti tà mí."

Ìgbà yẹn ni mo rí báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti kún, wọ́n ti so ó.

"Òun kọ́," Ìyá sọ. "Èmi ni mo ní kó lọ sọ ọ́."

Ìyá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi.

"Ọwọ́ mi yìí ò parọ́ fún mi rí. Ọ̀tún ń le, òsì ń yọ́. Bó o bá ṣubú lójú títì pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n á ní àbúrò ẹ mọ̀ sí i, wọ́n á lé gbogbo wa. Ní báyìí, wọ́n ní kó máa gbé inú yàrá yìí lọ. Àbí ẹ̀bá gọ́tà lo fẹ́ kí n lọ máa sùn?"

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Wàá sunkún. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa rí."

Àbúrò mi wọlé. Kò kí mi. Ó ká mátírẹ́ẹ̀sì mi kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó sì wọ́ ibùsùn Ìyá lọ síbẹ̀, Ìyá ṣì jókòó lórí ẹ̀.

"Ṣé atẹ́gùn ń dé ibẹ̀, Ìyá?" àbúrò mi bi í.

"Ó ń dé dáadáa. Ó ti pẹ́ tí ibẹ̀ ti ń wù mí."

Mo ń dúró kí Ìyá tún sọ nǹkan kan. Ó yíjú sí fèrèsé.

Mo gbé báàgì mi.