Ìdajì Ilé ní Runjin Sambo

Ọmọbìnrin tó wà ní báńkì kò tíì sọ̀rọ̀ èlé tán tí Mùhyídéènì ti dìde, tó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Ó dúpẹ́. Ó ní òun kì í jẹ èlé, òun kò sì ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pe ẹni tó kàn.

Ilé kan ló fẹ́ rà, oníyàrá mẹ́rin ní Runjin Sambo, ayálégbé kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú ló ti ń ta táyà ọ̀kadà ní Gawon Nama, kò sì tíì ní yàrá kan tó jẹ́ tirẹ̀ ní Sókótó. Àúdù, dìlálì tó ń bá onílé tà á, ti kìlọ̀ fún un: bí wọ́n bá kírun àsárì tán lónìí tí owó ò pé, ẹlòmíràn yóò gbà á. Ìdajì owó ló wà lọ́wọ́ Mùhyídéènì.

Ó gba ọ̀dọ̀ Hùsèínì lọ, akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ará Ìlọrin. Hùsèínì gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó mirí. Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ti yá owó ẹgbẹ́ tán.

"Àbí kí n yá ọ nínú tèmi, kí o fi ṣọ́ọ̀bù rẹ dúró? Màá máa tajà níbẹ̀ títí wàá fi san án."

Mùhyídéènì mọ Hùsèínì. Bó bá fi lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó di kí wọ́n fi igi yọ ọ́. Ó ní rárá.

"Ìyá Fathiat ńkọ́? Bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn."

"Epo pupa ni ìyàwó mi ń tà," ni Mùhyídéènì fèsì, ó sì jáde. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ọkùnrin tó bá sọ iye owó ọwọ́ rẹ̀ fún ìyàwó ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé àna. Kò bi Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ nípa owó tirẹ̀ náà rí.

Wọ́n ti kírun tán kó tó dé ọ̀dọ̀ Àúdù. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó ti gbà pé ilé ti lọ.

"To, Alhaji, ẹ jókòó," Àúdù fi Hausa sọ. "Ẹnì kan wà tí ìdajì wà lọ́wọ́ òun náà, ó ń wá ẹni tí wọn yóò jọ rà á. Yorùbá bíi tiyín ni. Mo ti ránṣẹ́ pè é."

Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ ń fi etí híjáàbù nu òógùn ojú, òórùn epo pupa sì bá a wọlé. Kúlúsúmù ni.

Àúdù wo tibí, ó wo tọ̀hún.

"Ẹ mọra yín ni?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni." Kúlúsúmù wolẹ̀, ó yí i sí Yorùbá. "Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní mo fẹ́ kó jáde nílé yín ni."

"Èmi náà rò pé..." Mùhyídéènì kò parí rẹ̀. Ojú tì í.

Àúdù fa bébà sún mọ́ra. "Orúkọ ta ni yóò ṣáájú?"

Ooru mú nínú yàrá náà. Kúlúsúmù ti híjáàbù sẹ́yìn díẹ̀ láti fẹ́ ara. Etí rẹ̀ ṣófo. Yẹtí wúrà tí Mùhyídéènì fún un lọ́jọ́ yìgì wọn, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sọ́jà, tó ń wọ̀ sùn, kò sí níbẹ̀. Ihò etí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

"Kọ tirẹ̀ ṣáájú," ni Mùhyídéènì wí.

"Kí lẹ ń wò?" Kúlúsúmù bi í.

Ó ní kò sí nǹkan. Ó ń gbìyànjú láti rántí ìgbà tó rí yẹtí náà kẹ́yìn ni, kò sì rántí.