Four Kì Í Ṣe Feu

Láti ìgbà tí àìsàn èéyi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Odile ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Àrìnpé ti ń wá bí yóò ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ Tántì Ọ̀ṣunfúnkẹ́. Obìnrin yìí, aládùúgbò wọn ní Houinmè, ló jókòó ti ọmọ náà títí ara rẹ̀ fi yá, nígbà tí ìyá ọmọ gan-an kò mọ̀ ju ẹkún lọ. Aṣọ tí wọ́n gbé lọ fún un, ó dá a padà. Adìyẹ, kò gbà á. Nígbà tó wá gbà láti wá jẹun nílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Àrìnpé kò mọ ibi tí yóò fi ayọ̀ sí.

Kò lè gbé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sínú abọ́ lásán. Abọ́ dígí kan wà nílé tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Dákà, ó mọ́ gaara, wọn kò tíì lò ó rí. Célestin ọkọ rẹ̀ ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí Àrìnpé bi í bóyá abọ́ náà lè fara da ooru. Ọkọ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé, ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, ó sì fi ẹnu tí ọṣẹ yí ká dáhùn pé ti four ni. Feu, ìyẹn iná, ni Àrìnpé gbọ́. Faransé tó mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí wà nínú rẹ̀. Four tí ọkọ rẹ̀ wí, ààrò tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ni, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní irú rẹ̀ nílé.

Ó da ọbẹ̀ ẹja sínú abọ́, ó gbé e ka ẹyín iná pípọ́n. Odile fa àpótí sún mọ́ ọn, ó jókòó lé e, ó ń wo epo tó ń hó nínú dígí. Tántì ń wọlé bọ̀ ló gbọ́ tí abọ́ náà dún tá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa ọmọ náà lápá, ó gbé e mọ́ àyà. Kíá ni abọ́ fọ́ yángá, epo gbígbóná sì ta sórí àpótí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Odile kúrò lórí rẹ̀.

Célestin sáré dé, ó ń ṣàlàyé pé four lòun wí, feu kọ́. Àrìnpé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹja kí àlejò rẹ̀ má bàa padà lébi. Tántì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ẹ̀rún dígí ti wà nínú ẹja náà, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ó ní òun ní ìkòkò amọ̀ nílé tí iná kì í ṣe ní nǹkan.

Àrìnpé bú sẹ́kún. “Tántì, ohun tí mo fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn.”

“Èmi ò bímọ, Ìyá Odile,” ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Látìgbà tí ara ọmọ yìí ti yá, ẹ̀bùn lẹ̀ ń gbé wá. Kò sẹ́ni tó rán ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí mi.”

Àrìnpé wo ọmọ rẹ̀ tó so mọ́ ọrùn Tántì. Ọpẹ́ kún inú rẹ̀. Ó nu ojú, ó ní kí Odile tẹ̀ lé Tántì lọ gbé ìkòkò náà wá, kí wọ́n má sì kánjú padà.