Iwájú Kò Mọ Ìṣísẹ̀ Ẹ̀yìn

"Láyí, yọ ọ́ kúrò ní fóò," Agatha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí láti àga ẹ̀yìn. Orí ìyá wọn wà lórí itan rẹ̀. "Àbí o ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá jọ fà á nínú ẹrẹ̀ yìí, a rì nìyẹn."

Jíìpù náà ń tàdí mẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Òkìtìpupa ni wọ́n ti ń bọ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé màmá lọ sílé, Akọ́tógbò. Nínú ìdílé wọn, ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà, wọn kì í gbé e wọlé mọ́. Ìta ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Èyí ni màmá ń bẹ̀rù ju ikú fúnra rẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ n ti yàrá mi lọ," ló ń wí ṣáá. Yàrá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ tòun ti bàtà.

Wọ́n bọ́ nínú ẹrẹ̀, wọ́n gun ilẹ̀ pupa tó le. Láyí fa jíà kékeré kó lè yọ ọ́ kúrò ní fóò. Kò yọ. Nǹkan dún gbàà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ṣùgbọ́n táyà kankan kò yí mọ́.

Ó pe Gideon, mẹkáníìkì rẹ̀, lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú u sí fóò? Ṣebí mo ní dífù tó ń yí táyà, èyí tí a rà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, eyín rẹ̀ kò bá tiwájú dọ́gba. Mo ní ká pààrọ̀ méjèèjì."

"Ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù. Òun nìkan ni gbogbo àwa tó ń fi ọkọ̀ kó ẹyìn ọ̀pẹ ń pààrọ̀."

"Lẹ́ẹ̀rùn ni. Ta ló ń mú ọkọ̀ sí fóò lẹ́ẹ̀rùn? Tẹ́ ẹ bá ti mú u síbẹ̀, iwájú á fẹ́ sáré, ẹ̀yìn á fẹ́ rìn, wọ́n á fa jíà àárín ya. Ẹ má bínú. Títí n ó fi débẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú."

"Ọ̀kadà ńkọ́?" Agatha bèèrè.

"Ọrùn màmá tí kò dúró yìí?" Láyí wí.

Láyí sọ̀kalẹ̀, ó fi èjìká ti ọkọ̀. Ó mọ̀ pé kò ní lọ. Ó ṣáà ń tì í.

"Láyí, wá pa ọkọ̀ yìí," màmá wí.

Ó pa á. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn epo pupa gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ta ló ń fọ epo nílé?" màmá bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wo ara wọn. Abúlé ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń fọ epo náà. Akọ́tógbò ṣì jìnnà.

"Ìyàwó Adésànyà ni, lẹ́yìnkùlé wa, màmá," Láyí dáhùn. "A ti délé."

"Kí lo wá ń ṣe níta?"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sínú koríko, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì rọra wọlé tọ̀ ọ́.